Kí Ló Sọ Òṣogbo Di Ìlú Ńlá? Àlàyé Lórí Bí Ènìyàn Ṣe Ń Tẹ̀dó àti Bí Ìlú Ṣe Ń Gbòòrò

Bí ẹ bá bi ọmọ Òṣogbo léèrè ìdí tí ìlú rẹ̀ fi wà níbi tó wà, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà: odò Ọ̀ṣun ni. Láróòyè àti Tìmẹ́hìn kúrò ní Ìpólé nígbà tí omi wọ́n wọn. Tìmẹ́hìn tó jẹ́ ọdẹ ló rí odò nínú igbó, wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn débẹ̀, wọ́n sì bá Ọ̀ṣun dá májẹ̀mú. N kò wá láti já ìtàn yìí nírọ́. Ohun tó sọ bá ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń sọ mu, pé kò sẹ́ni tó lè tẹ̀dó síbi tí omi ò sí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí agbára ìdáhùn yẹn ò ká. Láti ẹ̀gbẹ́ Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀, títí ó fi wọ ọ̀sà ní Lẹ́kí. Ní gbogbo ọ̀nà tó gbà, àwọn abúlé wà létí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ń mu nínú omi rẹ̀, wọ́n ń pa ẹja inú rẹ̀, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Abúlé ni wọ́n ṣì jẹ́. Bó bá jẹ́ pé omi ló ń sọ ibùdó di ìlú ńlá, kí ló dé tí gbogbo wọn ò di Òṣogbo?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú, nítorí pé ìbéèrè méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ohun tó mú kí ènìyàn kọ́kọ́ dúró níbì kan, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó mú kí àwọn ẹlòmíràn máa wá bá wọn títí abúlé fi di ìlú, ọ̀tọ̀ ni. Bí a bá sì wò ó dáadáa, ẹ̀kẹta tún wà: ohun tí kì í jẹ́ kí ìlú tú ká nígbà tí ìdí méjì àkọ́kọ́ bá ti di ìtàn. Òṣogbo ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fojú hàn débi pé ìlú náà dára púpọ̀ láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Ká mú ti àkọ́kọ́. Nínú gbogbo ohun tí agbolé ń lò lójoojúmọ́, omi ló ṣòro gbé jù. Isu lè wà nínú ọgbà fún oṣù mélòó kan. Igi ìdáná lè wà lẹ́yìn ilé láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Omi òní, òní la ó pọn ọ́n, tó bá di ọ̀la a ó tún pọn òmíràn. Kí ẹ̀rọ tó dé, orí obìnrin àti ọmọdé ni gbogbo omi tí a ń mu, tí a fi ń sè, tí a fi ń wẹ̀, fi ń wọlé. Bí odò bá jìn jù, ojú ọ̀nà odò ni ọjọ́ á ti parí. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń wá ibùdó fi máa ń wá omi ṣáájú ilẹ̀ oko. Oko lè jìn, ènìyàn á kọ́ abà síbẹ̀; àmọ́ omi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí a ń sùn. Àwọn aláró Òṣogbo tilẹ̀ nílò omi ju ẹlòmíràn lọ, nítorí igbá omi kan kọ́ ni a fi ń rẹ aṣọ sí aró, wọn ò sì ṣèèṣì máa ki Òṣogbo ní ìlú aró.

Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé ìlú náà kò sí létí omi gan-an. Ìtàn sọ pé etí odò ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́lé sí, ibi tí ààfin àkọ́kọ́ wà sì ṣì wà nínú igbó Ọ̀ṣun títí di òní. Ẹ̀yìn náà ni Ọ̀ṣun ní kí wọ́n gòkè lọ sórí ilẹ̀ tó ga. Bí ẹ bá fojú onímọ̀ nípa ilẹ̀ wò ó, ẹ ó rí ọgbọ́n tó wà nínú àṣẹ yẹn. Ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ti odò ni. Omi ló kó erùpẹ̀ rẹ̀ wá, omi ló tẹ́ ẹ, bí òjò bá sì ti pọ̀ ju ohun tí ojú odò lè gbà, orí ilẹ̀ yẹn ni omi á tún padà sí. Àwọn kòkòrò kéékèèké kan tún wà tó jẹ́ pé ibi tí omi ti ń sáré ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Àwọn ló ń kó ìnàrun, àìsàn tí í fọ́ni lójú, ran ènìyàn. Nítorí náà, ibùdó tó dára ni èyí tó sún mọ́ omi débi tí ọmọdé lè lọ pọn ọ́n kó sì tètè dé, tó tún ga débi tí àgbàrá ò fi ní ká onílé mọ́ orí ẹní. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, àti Ọjà Ọba wà.

Omi nìkan kọ́ ni ènìyàn ń wá, ó sinmi lórí ohun tó lé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ogun ń lé á wá òkè. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, ibi tí wọn ó fi ẹ̀mí pamọ́ sí ni wọ́n ń wá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìbàdàn náà, àgọ́ ogun ni láàárín àwọn òkè kí ó tó di ìlú. Ní Kano, ẹ̀gbẹ́ òkè Dala ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí, ibi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń rí irin wà. Gbogbo ìwọ̀nyí ń sọ fún wa ìdí tí ẹsẹ̀ fi dúró. Kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ìdí tí èrò fi pọ̀.

Fún ìyẹn, a ní láti kúrò lórí ilẹ̀ tí ìlú wà, ká wo àwọn tó yí i ká. Àwọn olùkọ́ jọ́gíráfì máa ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀, ó sì dùn mí pé a kì í ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo èyí tó kù dúró lé. Ẹ lè yẹ ilẹ̀ kan wò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ mọ bí omi rẹ̀ ṣe rí, bí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣe rí, bí òkè rẹ̀ ṣe ga tó, kí ẹ má sì mọ̀ bóyá ìlú á dàgbà níbẹ̀. Àfi bí ẹ bá gbójú sókè, kí ẹ béèrè pé: ta ló wà lọ́hùn-ún? Kí ni wọ́n ní tí ará ibí ò ní? Bí wọ́n bá ń bọ̀, ọ̀nà ibo ni wọn ó gbà?

Ẹ gbé ìbéèrè yẹn ka Òṣogbo lórí. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Iléṣà tàbí ti Ifẹ̀ lọ, igbó ni ilẹ̀ ibẹ̀ láti ilẹ̀ wá: epo pupa, obì, àti kòkó nígbà tí kòkó dé. Bí ẹ bá kọjú sí Ìkìrun, tí ẹ ń lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, ọ̀dàn á sì bẹ̀rẹ̀: isu, ọkà bàbà, òrí, ẹran màlúù láti òkè ọya. Òṣogbo wà nítòsí ibi tí igbó ti ń fi ọwọ́ lé ọ̀dàn lọ́wọ́. Oníṣu méjì kì í ná isu fún ara wọn. Ẹni tí ẹrù wọn ò jọra ni ń pàdé, ibi tó sì rọrùn jù fún wọn láti pàdé ni ibi tí ẹrù ti ọ̀tún ti ń tán tí ti òsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ọjà káàkiri ayé ló wà ní ààlà báyìí, láàárín òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, láàárín aṣálẹ̀ àti ilẹ̀ olóko, láàárín òkun àti ilẹ̀ gbígbẹ.

Ọjà fúnra rẹ̀ ní ìlànà tí a kì í sábà rò. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé, ẹsẹ̀ ni a fi ń lọ sọ́jà, orí ni a fi ń ru ẹrù. Obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ tàbí agbọ̀n ata fẹ́ dé ọjà kí oòrùn tó mú, kó tà, kó ra iyọ̀ àti ẹja, kó sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwọ̀n ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e lọ kó sì gbé e bọ̀ ló ń sọ bí ọjà kan ṣe gbọ́dọ̀ jìn sí èkejì tó. Àwọn babańlá wa sì tún ṣe ọgbọ́n mìíràn lé e: wọ́n pín ọjọ́. Ọjà ọrọọrún ti ìlú yìí kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìlú kejì, kí alájàpá lè ná èyí lónìí, kó ná ọ̀hún lọ́la. Ìdí ni pé èrò ibì kan ṣoṣo ò tó láti máa gbọ́ bùkátà alájàpá lójoojúmọ́. Ìlú tí ọjà rẹ̀ bá wá kún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi nílò láti dúró de ọjọ́ mọ́, tó ń ná láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìlú yẹn ti kúrò ní ipò abúlé.

Ní ọdún 1933, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Walter Christaller kọ ìwé lórí àwọn ìlú apá gúúsù orílẹ̀-èdè rẹ̀, ohun tó sì rí kò jìnnà sí ohun tí alájàpá Òṣogbo ti mọ̀. Ó ní gbogbo ọjà títà ló ní iye èrò tó kéré jù tí ó lè gbé e ró, ó sì ní ibi tó jìn jù tí ènìyàn lè ti wá rà á. Ẹlẹ́lùbọ́ kò nílò ju àdúgbò kan lọ, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló ní ti rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wúrà nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń ra ẹ̀gbà ọrùn. Ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn dókítà ti ń kọ́ṣẹ́, ó nílò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú lábẹ́ rẹ̀. Nítorí èyí ni ìlú fi ń wà ní ìpele ìpele: abúlé púpọ̀, ìlú kéékèèké tó mọ níwọ̀n, ìlú ńlá díẹ̀. Ẹ wo ará Ìlobùú: ata àti gaàrí, ìlú rẹ̀ ni ó ti ń rà á, àmọ́ bó bá ń wá páàtì ọkọ̀ tí kò wọ́pọ̀, Òṣogbo ló ń bọ̀. Bí ìlú kan bá ti gba ipò ńlá láàárín àwọn tó yí i ká, ó máa ń ṣòro fún aládùúgbò rẹ̀ láti gba irú ipò kan náà, nítorí àwọn èrò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá.

Àlàyé Christaller dára, àmọ́ ohun kan wà tí kò tó nínú rẹ̀ lójú tèmi. Ó kọ ọ́ bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú bákan náà níbi gbogbo, àti pé ohun tí ènìyàn fẹ́ rà nìkan ló ń mú wọn rìn. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilẹ̀ wa mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló kó èyí tó pọ̀ nínú wa dé ibi tí a wà.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé dà wó, tí àwọn ìlú inú ọ̀dàn ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, gúúsù ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ kọrí sí. Ìdí tó fi jẹ́ gúúsù kò ṣòro láti rí. Ẹṣin ni agbára ogun ọ̀dàn, ẹṣin ò sì lè sáré láàárín igi àti ìtàkùn. Bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin kan wà nínú igbó tí àìsàn rẹ̀ máa ń pa ẹṣin. Ẹni tó bá ti wọ ẹ̀yìn igbó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin díẹ̀. Òṣogbo ló wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti ìlú náà. Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sì kó ogun wá lábẹ́ Balógun Ọdẹ́rìnlọ, wọ́n ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin. Láti ọjọ́ náà ni ipá tí Ìlọrin fi ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní gúúsù ti ṣẹ́. Fún ẹni tó ń sá kiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ìròyìn pé ìlú kan wà tí ogun dé tí kò sì fọ́, ju ìròyìn ọjà èyíkéyìí lọ. Àwọn èrò ya wọlé. Àwọn kan wá láti sinmi kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú, wọn ò sì lọ mọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìlú tí èrò bá yà sí ló ń gba èrò. Ẹni tó dé gbọ́dọ̀ rí ibi kọ́lé sí, kó rí ilẹ̀ dá oko, kó sì mọ̀ pé bí ẹjọ́ bá ṣẹlẹ̀ àwọn àgbà á gbọ́ tẹnu òun náà. Ìlú tí àwọn onílẹ̀ rẹ̀ bá ń lé àlejò, bí ọ̀nà mẹ́wàá pàdé nínú rẹ̀, kò ní dàgbà. Mo rò pé a kì í fún ìdí yìí ní ipò tó yẹ ẹ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlú. Odò kò lè fúnni nílẹ̀. Ọba àti àwọn olórí agbolé ló ń fúnni. Ní Òṣogbo, àwọn Ìjẹ̀ṣà rí ibi dúró, àwọn tó ti Ọ̀yọ́ wá rí ibi dúró, àwọn Hausa náà ní Sábó wọn títí di òní.

Ojú irin ló wá fi ìyàtọ̀ gidi sáàárín Òṣogbo àti àwọn ìlú tí wọ́n jọ ń ṣe ẹgbẹ́. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Ẹnu ọ̀nà àríwá ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dojú irin kọ, kì í ṣe ìlú tó lọ́lá jù. Iléṣà tóbi, ọlá Iléṣà sì ti wà tipẹ́, ojú irin kò yà síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní kòkó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó fẹ́ kó dé Èkó, Òṣogbo ló ń gbé e wá.

Ẹ lè sọ pé ojú irin gba Ẹdẹ náà, ó gba Ìkìrun, ó gba Òkúkù. Òótọ́ ni, ọkọ̀ sì ń dúró ní gbogbo wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ibi tí ojú irin bá kàn kọjá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní, àwọn tó wà lórí ọ̀nà náà nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ní Òṣogbo, ọ̀nà Iléṣà wá láti apá kan, ọ̀nà Ìlobùú àti Ògbómọ̀ṣọ́ láti apá kejì, ti Ìkìrun láti òkè, ti Ẹdẹ àti Gbọ̀ngán láti ìsàlẹ̀, gbogbo wọn sì já sídìí ọkọ̀ ojú irin kan náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní irú ibẹ̀ yẹ ká fara balẹ̀ wò, nítorí òun ló ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń rí ìlú ńlá ní èbúté, ní ìdíkọ̀, ní ibi tí odò méjì ti pàdé, kárí ayé. Ẹrù tó bá fẹ́ pààrọ̀ ohun tó ń gbé e gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Kòkó tó wá lórí ènìyàn tàbí nínú ọkọ̀ akẹ́rù kò lè fò wọ inú wágúnù. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó wọ̀n ọ́n, ẹnì kan á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbẹ, a ó kó o sí ilé ẹrù di ìgbà tí ọkọ̀ bá dé, a ó tún gbé e sókè. Ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, owó ń bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan: alábàárù, akọ̀wé tó ń kọ ìwọ̀n, ẹni tó ni ilé ẹrù, ẹni tó ń rán àpò tó ya. Ẹni tó gbé kòkó wá náà ò ní fi ọwọ́ òfo padà. Ọkọ̀ tó ti Èkó bọ̀ ti kó iyọ̀ wá, ó kó aṣọ, páànù àti kẹrosíìnì. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tí ń tà láwìn rí ọ̀nà gbé ẹrù aṣọ wọn lọ jìnnà. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni yóò jẹun, gbogbo wọn ni yóò wá ibi sùn bí ọkọ̀ ò bá tètè dé. Olóúnjẹ dé, onílé ayálégbé dé, kọ́ńpìnnì òyìnbó kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí ẹrù ti ń kọjá gbọọrọ láìdúró kì í ní àǹfààní yìí, kódà bí ẹrù tó ń gba ibẹ̀ kọjá bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí irú rẹ̀ ní Kafanchan, tó jẹ́ pé ibi tí ojú irin méjì ti pàdé ló sọ ọ́ di ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àṣẹ ìjọba. Ìlú kan lè dàgbà nítorí pé wọ́n sọ pé kó dàgbà. Àbújá ni ẹ̀rí tó tóbi jù, ní 1976 ni wọ́n ti fi òfin yàn án kí ó tó di olú-ìlú gan-an ní 1991. Ọdún 1991 yẹn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, ni ìjọba ológun Ibrahim Babangida gé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi Òṣogbo ṣe olú-ìlú rẹ̀. Kíákíá ni ipa irú àṣẹ báyìí máa ń hàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó kó láti Ìbàdàn dé nílò ilé, owó oṣù rẹ̀ sì ń bọ̀ bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀. Agbaṣẹ́ṣe ń tẹ̀ lé gómìnà, báńkì ń tẹ̀ lé agbaṣẹ́ṣe, ilé ìtura ń tẹ̀ lé gbogbo wọn. Ní 2006 wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kún un.

Ibí ni ìdí kẹta ti wọlé, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ìlú tú ká, òun sì ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù. Ẹ wo iye ìdí tó ti kú ní Òṣogbo. Kò sí ẹni tó ń kọ́lé sí Òkè-Fìà lónìí nítorí pé ó fẹ́ máa pọn omi Ọ̀ṣun. Kànga àti ẹ̀rọ ìfami ló ń mu. Ogun ẹlẹ́ṣin ti parí láti ayé àwọn baba ńlá. Ojú irin dákẹ́ fún ọdún gbọọrọ, lórí títì ni ẹrù ń gbà. Ilé-iṣẹ́ irin tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Òṣogbo ní àwọn ọdún 1980, tí a rò pé yóò gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ síṣẹ́, kò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Bó bá jẹ́ pé ìdí tí a fi dá ìlú sílẹ̀ ló ń gbé e ró, ó yẹ kí Òṣogbo ti máa sún kì, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló ń fẹ̀.

Ìdí ni pé bí èrò bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, àwọn èrò náà fúnra wọn di ìdí tí àwọn mìíràn fi ń wá. Mẹkáníìkì ń kó lọ síbi tí mẹkáníìkì pọ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ ń lọ, ibẹ̀ ni páàtì wà, ibẹ̀ ni ọmọṣẹ́ wà. Télọ̀ tó fi abúlé sílẹ̀ wá sí Òṣogbo kò wá nítorí odò, kò wá nítorí ọba. Ó wá nítorí pé ẹni tó ń gbé aṣọ fún télọ̀ rán níbẹ̀ pọ̀ ju ti abúlé rẹ̀ lọ. Ohun tí a sì ti kọ́ kò ṣeé kó lọ: ilé, títì, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé, sàréè àwọn òbí nínú agbolé. Ẹni tó bá fẹ́ dá ibòmíràn sílẹ̀ yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé ibi tí ìlú ńlá wà ló dára jù lórí ilẹ̀ yẹn ni gbogbo ìgbà. Ó ti ṣáájú ni, ẹni tó ti ṣáájú sì ṣòro láti lé bá.

Èyí ò sọ pé ìlú kò lè kú. Ọ̀yọ́-Ilé kú, bẹ́ẹ̀ ó tóbi, ó sì lókìkí ju ìlú èyíkéyìí lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ayé ìgbà náà. Ohun tó pa á ni pé ohun mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìfọkànbalẹ̀ lọ, àwọn ọ̀nà ọjà rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn èrò tí ì bá máa pe èrò sì tú ká. Aláàfin Àtìbà kó oyè àti orúkọ lọ sí Àgọ́ Ọ̀jà, tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ lónìí. Ìlú lè fara da àdánù kan, ó lè fara da méjì. Òṣogbo pàdánù ojú irin àmọ́ àwọn títì rẹ̀ ṣì wà, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí àpá rẹ̀ púpọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí Òṣogbo ń gbà gbòòrò, ẹ tẹ̀ lé àwọn títì náà. Ìlú kì í fẹ̀ lọ káàkiri bákan náà; ó máa ń na ọwọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítorí ẹni tó ń ra ilẹ̀ fẹ́ ibi tí mọ́tò ti lè gbé e lówó pọ́ọ́kú. Ọwọ́ kan ti gba Òfátẹ̀dó lọ sí ọ̀nà Ẹdẹ, òmíràn gba Gbódòfọ̀n lọ sí Abẹ́rẹ́ níbi tí sẹkitéríàtì ìjọba wà, òmíràn gba ọ̀nà Ìkìrun, àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà wọ̀nyí sì ń di àdúgbò díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ọwọ́ wọ̀nyí bá ti jìn ni àwọn ènìyàn ń padà wá kún àárín wọn.

Ibi méjì ni kò yẹ kí wọ́n kún. Ọ̀kan ni igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75 igi àti ojúbọ tí ìlú ti fẹ́ yí ká báyìí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ nìkan ni, wọn ì bá ti gé e sí púlọ́ọ̀tì tipẹ́. Ìgbàgbọ́ ló kọ́kọ́ dáàbò bò ó. Nígbà tí ìgbàgbọ́ fẹ́ rọ̀, Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, pẹ̀lú àwọn olórìṣà àti oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo dìde sí i, ìjọba fi òfin dè é ní 1965, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Ibi kejì kò ní òrìṣà tó ń ṣọ́ ọ, kò sì ní UNESCO: ilẹ̀ títẹ́jú etí odò àti etí àwọn odò kéékèèké tó gba àárín ìlú kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó gbẹ, ó tẹ́, kò jìnnà sí títì, owó rẹ̀ sì rọjú ju ti orí òkè lọ, èyí ló ń fa àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rówó kọ́lé mọ́ra. Kí ẹ tó san owó fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wò ó nínú oṣù keje tàbí oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ibi tí omi dé lára ògiri àwọn tó ti kọ́lé ṣáájú yín, kí ẹ sì bi àwọn ìyá tó ti ń gbé àdúgbò náà tipẹ́ bóyá odò náà máa ń kún dé ibẹ̀.